Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì Ń Jò: Ta Ni Yóò San Owó Páànù?

Bí ọjọ́ ìkórè bá ti ń sún mọ́lé, kò sí ìyá ọlọ́jà onígbàgbọ́ ní Ìsíkàn, ní Àkúrẹ́, tí kò mọ̀ pé owó dídá ti dé nìyẹn. Bákan náà ló rí ní ìlú Oǹdó. Lónìí, òrùlé ń jò. Lọ́la, ògiri ti sán. Elépo á dá owó, aláṣọ á dá owó, káfíńtà á dá tirẹ̀.

Àwọn kan rò pé ìjọba ló ń bá àwọn òyìnbó tún ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ilé ìsìn ìjọ Áńgílíkà tó bíi 16,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lé ní 12,000 nínú wọn tó jẹ́ ilé tí òfin ń dáàbò bò, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó tàbí tún kọ́ bó ṣe wù ú. Olè a tún máa gun òkè lóru, a ká òjé tí wọ́n fi bo òrùlé lọ tà!

Láyé àtijọ́, tipátipá ni wọ́n fi ń gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ gbogbo onílé àdúgbò, ìbáà jẹ́ ẹni tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì náà rárá. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù àwọn tó kọ̀, wọ́n tilẹ̀ sọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n. Ọdún 1868 ni òfin fòpin sí ipá yẹn. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá ìjọ ń ta kéèkì, wọ́n ń ta tíì, wọ́n ń ta aṣọ àlòkù. Bàsá tiwa náà kọ́ nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká kọ́. Wọ́n a máa ya ọ̀pá tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà sára pátákó ńlá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí owó ṣe ń wọlé ni ọ̀dà pupa ń gòkè. Ọmọdé tó ń kọjá lọ mọ iye tó kù. Lọ́dọọdún, dandan ni kí wọ́n gbé ìṣirò owó síwájú ìjọ.

Nílé ńkọ́? Níbòmíràn, wọ́n á pe olówó síwájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá aláta tó fi owó èsúsú rẹ̀ sílẹ̀ jókòó sẹ́yìn. Àtẹ́wọ́ kọ́ ló ń dun ìyá yẹn. Ohun tó ń dùn ún ni pé òjò tún dé, òrùlé tún ń jò, kò sì sẹ́ni tó sọ iye tí wọ́n ra páànù.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dáwó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí rìsíìtì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè, ìbéèrè kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ẹ má sì fi owó ọjà dáwó, kẹ́ ẹ wá lọ yá owó èlé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ má torí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni kẹ́ ẹ kan ìṣó tó ti dógùn-ún.

Ìjọ wo ló ti gbé pátákó síta? Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.