Ẹja Òkun Adriatic àti Ìṣirò Lédè Yorùbá

Àwọn kan gbà pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìṣirò tó jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja òkun Adriatic tako wọn. Umberto D'Ancona, onímọ̀ ẹja ará Ítálì, rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹja tó dé ọjà Fiume ní 1914, nǹkan bí 12 ni apẹjajẹ irú ṣáàkì. Ní 1918 tí ogun ti dín ẹja pípa kù, wọ́n lé ní 36. Ní 1923 wọ́n ti padà sí nǹkan bí 11.

Àna rẹ̀, Vito Volterra, fi ìṣirò tú u ní 1926. Bí ẹja wẹ́wẹ́ bá pọ̀, apẹjajẹ a yó, a máa bí sí i. Bí òun náà bá pọ̀ jù, ẹja wẹ́wẹ́ a dín, ebi a mú apẹjajẹ, ẹja wẹ́wẹ́ a tún gbèrú. Bí àwọ̀n bá ń kó méjèèjì níwọ̀nba, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń jèrè. Bí àwọ̀n bá dúró, èrè di ti ṣáàkì.

Èwo ló ju agbára Yorùbá lọ níbẹ̀? Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń há ìdọ́gba náà sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì láìmọ ohun tó ń wí. Ní 1970 ni iṣẹ́ Babátúndé Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Ó tó àkókò kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìṣirò jókòó pọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wọn yóò máa pe apẹjajẹ.