Àjẹ́ Ké Lánàá: Ẹ̀sùn Mi sí Gbólóhùn Kan

Ìwé ọmọ ilé-ìwé kan ṣì wà lórí tábìlì mi. Ojú ìwé mẹ́rin ni, ọwọ́ ló fi kọ ọ́. Olùkọ́ rẹ̀ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ní ojú ìwé àkọ́kọ́: “Sóṣíà mídíà ló fa ìkọlù ọgbà ẹ̀wọ̀n Okere lọ́dún 2020.” Ó kọ “Ó dára gan-an” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Okere, nílùú Warri. Bí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mò ń rí ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, mò ń rí àwọn ìyá tó gbé abọ́ oúnjẹ dání, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n lè wọlé rí ọmọ wọn. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn yẹn fi dùn mí.

Wọ́n ní kí ọmọ náà kọ àròkọ okùnfà àti àbájáde lórí sóṣíà mídíà, kó sì gbé àbá rẹ̀ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀. Irú àbá bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló fà á ti nàka ẹ̀bi sí lágbájá. Ìyókù ìwé ló yẹ kó fi pe ẹlẹ́rìí. Èmi náà wá pe gbólóhùn yẹn lẹ́jọ́, pẹ̀lú gbogbo olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ láti máa kọ irú rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní ni pé ó sọ ìtẹ̀léra di ẹ̀rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni fídíò kan jáde láti Ughelli, ìlú tí kò jìnnà sí wa níbí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó wà fún gbígbógun ti àwọn adigunjalè, yìnbọn fún ọmọkùnrin kan, wọ́n sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá sẹ́. Twitter gbé fídíò náà káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ tú síta láti fẹ̀hónú hàn, nígbà tó di ọjọ́ 11 ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká. Lọ́jọ́ 19 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ẹlẹ́wọ̀n 1,993 di àwátì. Lọ́jọ́ 20 àwọn ṣọ́jà yìnbọn sí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Lekki, nílùú Èkó. Lọ́jọ́ 22 ó kan Okere.

Ọmọ náà to ọjọ́ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, kò purọ́ kankan. Ibi tó parí rẹ̀ sí ni mo bá a jà sí. Ó parí rẹ̀ bí àwọn baba wa ṣe máa ń parí rẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo ti mọ òwe yìí láti kékeré, mo sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní àdúgbò tí wọ́n bí mi sí, ibà pa ọmọ kan. Ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n lé jáde, nítorí pé òun àti ìyá ọmọ náà ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀fọn. Omi tó dá rogún sí kòtò lẹ́yìn ilé ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ju ẹrù arúgbó náà síta, ìdin ẹ̀fọn sì ń yí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè pé “ta ni kò mọ̀?” kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wádìí ni.

Ẹ̀sùn kejì wọ̀ mí lára jù: gbólóhùn yẹn ń jẹ́ kí ọ̀daràn lọ sílé. SARS ti wà láti 1992. Amnesty International ka ọ̀ràn 82 sí i lọ́rùn, ìdálóró, ìyà àti ìpànìyàn láìsí ìdájọ́, láàárín oṣù kìíní ọdún 2017 sí oṣù karùn-ún ọdún 2020. Láti 2017 ni àwọn ènìyàn ti ń fi EndSARS ké gbàjarè lórí Twitter, tí ìjọba sì ń ṣèlérí àtúnṣe lé ìlérí. Ní 2020 yẹn kan náà, Kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn olùkọ́ fásitì ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kẹta, wọn ò sì padà títí oṣù kejìlá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọmọ tó yẹ kó jókòó ní kíláàsì wà lójú títì. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà látìmọ́lé ní Nàìjíríà ni adájọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi. Mo ti bá lára àwọn ìyá tó ń gbé abọ́ yẹn sọ̀rọ̀, wọn ò lè sọ ọjọ́ tí ẹjọ́ ọmọ wọn yóò tún wáyé. Ibo ni gbogbo èyí wà nínú ojú ìwé mẹ́rin? Fóònù nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kò wo ìgbà tí sóṣíà mídíà kò tíì dé. Ìlú Warri wa yìí ni ìjà ti bẹ́ ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé orílé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben. Ilé jó, ènìyàn kú, Ìjọ̀ àti Ìtsẹkírì tó ti ń jọ ná ọjà kan náà di ọ̀tá. Ó tún bẹ́ ní 2003. Ọdún 2004 ni Facebook bẹ̀rẹ̀, ó sì di 2006 kí Twitter tó dé. Ta ni a ó di ẹ̀bi 1997 rù?

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kan kúrò, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de Twitter, wọ́n ní wọ́n ń fi ṣe ohun tó lè tú Nàìjíríà ká. Gbólóhùn ọmọ ilé-ìwé náà ni, agbádá ìjọba ni wọ́n wọ̀ fún un. Òfin náà wà títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ní ìgbà tí òfin yìí wà, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fọ́ ti Jos ní oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, tó pé ọdún kan géérégé tí ti Okere ṣẹlẹ̀, ni wọ́n fọ́ ti Abólóńgo ní ìlú Ọ̀yọ́; 837 ló sá jáde níbẹ̀, gbogbo wọn pátá ló ń dúró de ìdájọ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ẹ̀yìn wọ Twitter nígbà náà, nítorí náà n kò sọ pé èyí dá sóṣíà mídíà láre. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ní ohun mìíràn tó ń fọ́ wọn, ẹni tó bá sì ń wo fóònù nìkan kò ní rí i.

Ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ, ká lé akátá lọ ná. Sóṣíà mídíà jẹ̀bi nǹkan, ẹ̀sùn mi kẹrin sì ni pé àbá tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni kò lè mú un. “Sóṣíà mídíà” kì í ṣe ènìyàn tí a lè pè sílé ẹjọ́. Ta ló ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo, ọ̀nà wo ló gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó farapa? Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Facebook yí bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ síwájú àwọn ènìyàn padà, kí èyí tí èsì bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lè máa lékè. Ìbínú ló ń mú èsì wá jù. Frances Haugen, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́, dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá 2021, ó sì sọ ọ́ fún wọn. Facebook fúnra rẹ̀ gbà ní 2018 pé òun kò ṣe tó ní Myanmar, níbi tí wọ́n ti lo ojú òpó rẹ̀ láti ru ènìyàn sókè sí ẹ̀yà Rohingya. Irú èyí ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró, nítorí pé ó ní orúkọ, ó ní ọjọ́, a sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀karùn-ún kò gba àlàyé púpọ̀. Ọdọọdún ni mò ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá tó sọ pé sóṣíà mídíà ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fìdí rẹmi, kò sì sí ọ̀kan tó béèrè bóyá ẹni tí kíláàsì ti kọ̀ sílẹ̀ ló sá lọ sórí fóònù. Oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ tún fi ti fásitì pa ní 2022.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn, olùkọ́ náà ni mo fi kàn. Èmi àti ọmọ yẹn jókòó títí iná fi lọ. Ọmọ Ìtsẹkírì ni, èdè rẹ̀ àti tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ, ṣùgbọ́n Píjìn ni a fi jà á. Ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ èyí fúnra rẹ̀: “Fídíò Ughelli tó tàn lórí Twitter mú kí ìbínú tí SARS ti ń dá sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ dé ojú títì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n tó kún fún àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ ni ìbínú yẹn bá nílẹ̀ ní Okere.” Inú mi dùn bí ẹni pé ọmọ mi ni. Ní ọjọ́ kejì ó gbé e padà wá. Olùkọ́ fa ìlà dà á nù, ó ní ó gùn jù, kó lọ mú ti tẹ́lẹ̀ wá.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ti tẹ́lẹ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́, nítorí máàkì ló ń wá. Èyí tó fi ọwọ́ kọ náà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí olùkọ́ náà wá ka gbólóhùn tuntun tó fa ìlà dà nù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì fi hàn mí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, èwo nínú rẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́.