Ẹ̀rọ Tó Ń Gbóòórùn Èéfín: Ta Ni Yóò Máa Bọ́ Ọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìwà, òótọ́ náà sì ni nípa èéfín igi tí à ń rí nílé ìdáná àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n èéfín kan wà tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í ta ni lójú, tí kì í sì í mú ènìyàn húkọ́ kó tó pa á. Orúkọ rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì. Inú iná tí kò rí atẹ́gùn tó ló ti ń jáde: iná bọ́ílà, iná ààrò búrẹ́dì, iná inú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn fèrèsé. Bí a bá fà á símú, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn káàkiri ara yóò dì mọ́ ọn, ìdìmọ́ náà yóò sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ènìyàn á kàn sùn ni, ilẹ̀ á mọ́, kò ní jí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí irú èéfín báyìí ni a ṣe nílò ẹ̀rọ tí yóò máa bá wa gbóòórùn ohun tí imú wa kò lè gbọ́. Ẹ̀rọ yìí kò tóbi. Ọwọ́ kan ni a fi ń gbé e. A ó ki ọ̀pá rẹ̀ bọ inú ṣìmínì, yóò fa èéfín díẹ̀ mu, yóò sì sọ iye ọ́síjìn àti iye kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì tó wà níbẹ̀ fún wa. Ó wúlò fún àwọn tó ń ṣọ́ bọ́ílà ní ilé-iṣẹ́ àti ní ilé ìwòsàn ńlá. Ó sì wúlò fún àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti fi kọ́ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti owó tí a fi ń rà á. Ti owó tí a fi ń bọ́ ọ lẹ́yìn tí a bá rà á tán ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá ní owó kejì yìí lọ́wọ́, kò yẹ kó ná ti àkọ́kọ́.

Kì í ṣe òní ni irinṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ní ilẹ̀ Brítéènì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Scott Haldane dá a lábàá ní àwọn ọdún 1890 pé kí àwọn awakùsà máa gbé ẹranko kékeré dání wọ inú kòtò èédú. Ẹyẹ kànárì ni wọ́n wá ń lò jù. Bí kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì bá ti wà níbẹ̀, ẹyẹ náà ni yóò kọ́kọ́ dákú, àwọn ènìyàn á sì sá jáde. Ọdún 1986 ni wọ́n kéde pé ẹ̀rọ ni yóò rọ́pò àwọn ẹyẹ náà. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹyẹ kànárì náà ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó sì ń gbé inú àgò tí wọ́n ń gbá. Kò sí awakùsà tó jẹ́ gbé òkú ẹyẹ wọ inú kòtò kó ní òun ní olùṣọ́.

Àwọn olùkọ́ wa tó ti pẹ́ nídìí ìmọ̀ kẹ́místrì mọ ẹ̀rọ Orsat, onígíláàsì, tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1870. Omi kẹ́míkà mẹ́ta ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀: ọ̀kan ń gbé kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì mì, èkejì ń gbé ọ́síjìn mì, ẹ̀kẹta ń gbé kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì mì. Bí omi wọ̀nyí bá ti gbó, ìdáhùn rẹ̀ á di àfọwọ́fà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pò ó ní tuntun.

Ẹ̀rọ òde òní kò lo omi ìgò mọ́, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló ń lò, bíi ti bátìrì. Sẹ́ẹ̀lì ọ́síjìn a máa lo nǹkan bí ọdún méjì. Ti kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé, bí a lò ó, bí a kò lò ó, ó ń gbó. Ẹ̀rọ tí a tì mọ́ inú àpótí fún ọdún mẹ́rin nítorí pé a kò fẹ́ kó bàjẹ́, inú àpótí náà ló ń kú sí. Ó tún ní asẹ́ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kí ẹ̀ẹ́dú má baà dí i, ó ní ìkòkò kékeré tó ń gba omi inú èéfín, tí a gbọ́dọ̀ máa dà nù. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ní ihò, atẹ́gùn ìta yóò máa wọlé dà pọ̀ mọ́ èéfín, ẹ̀rọ á wá sọ pé kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì kéré nígbà tó pọ̀.

Ibi tí ewu wà nìyẹn. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá bàjẹ́, yóò dákẹ́, a ó sì mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Èyí kì í dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti ń kú ṣì ń gbé nọ́ńbà jáde, nọ́ńbà náà sì mọ́lẹ̀ kedere lójú gíláàsì. Ó ń dínkù díẹ̀díẹ̀ ni: ibi tí 200 wà ni yóò ti ka 120, lẹ́yìn náà 60, títí ọkàn olùṣọ́ bọ́ílà yóò fi balẹ̀ lórí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í wọn kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì rárá. Láti inú iye ọ́síjìn ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣírò bí iná ṣe ń lo epo dáadáa sí. Irọ́ kan ṣoṣo á wá bí méjì sí i.

Ó yẹ ká ṣe ìṣirò, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni mo ní mo fẹ́ sọ. Bí ọ́síjìn inú èéfín bá jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, atẹ́gùn tó lé lórí èyí tí iná nílò yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 17. Bó bá jẹ́ 5, àlékún náà yóò tó 31. Àwọn onímọ̀ bọ́ílà sì ní ìlànà kan, pé ìdá 15 atẹ́gùn tí a bá fi lé e láìnídìí yóò jẹ nǹkan bí ìdá 1 nínú epo. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ń ka 3 nígbà tí òótọ́ jẹ́ 5, bọ́ílà tó ń jó 1,000 lítà dísù lójúmọ́ yóò máa sọ lítà 10 nù lójoojúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 300 lọ́dún, 3,000 lítà ti bá ṣìmínì lọ nìyẹn. Kí ẹni tó ní owó ìtọ́jú ẹ̀rọ pọ̀ jù lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta lítà dísù kan, kó fi sọ ọ́ di ìlọ́po 3,000, kó wá padà wá bá mi.

Kí ni fífi ẹ̀rọ wé òṣùwọ̀n? Ẹ lọ sí ọjà kí ẹ wo àwọn tó ń ta gàrí. Bí oníbàárà bá fura pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọlé, kò ní bá kóńgò náà jà. Kóńgò mìíràn tó dá a lójú ni yóò mú wá, wọn ó wọn gàrí náà lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí à ń ṣe sí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ti ọ́síjìn kò ṣòro, nítorí afẹ́fẹ́ ìta gbangba ní ìdá 20.9 ọ́síjìn nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ ìta gbangba náà ni kí a ti ṣe é o. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ nínú yàrá bọ́ílà tí èéfín ti kún, ẹ̀rọ náà á gba èéfín yàrá gẹ́gẹ́ bí òdo. Ti kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì ni kò ní ọ̀fẹ́. A gbọ́dọ̀ ní sílíńdà gáàsì tí àwọn tó ṣe é ti kọ iye tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kan kò lè jẹ́rìí sí ara rẹ̀.

Sílíńdà yìí ní ọjọ́ tí ó ń parí, gáàsì ìbáà kù nínú rẹ̀. A kò lè dì í sínú àpò wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ẹrù eléwu ni. Bí a kò bá rí i lò nílé, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò rìnrìn-àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó sì san owó lílọ àti àbọ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Sẹ́ẹ̀lì kan náà, iye dọ́là kan náà, ṣùgbọ́n àpò tiwa ti ya.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn àgbà abọ́ílà ń fojú wo èéfín láti ọjọ́ pípẹ́: bó bá dúdú, kí wọ́n fi atẹ́gùn kún un. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dú ni ojú ń rí, kò rí kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì. Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú máa ra tuntun. Ọmọ ọdún kan ni tuntun náà yóò dà lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kẹta ni ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù, àwọn tó ní omi kò sí ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ìwé kò tó ní ilé ìkàwé, kí ni à ń sọ nípa gáàsì inú sílíńdà? Ìdáhùn mi fún wọn ni pé kí a má rà á nígbà náà. Kí a pe ẹni tí tirẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, kó wá wò ó fún wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ká san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àìní ẹ̀rọ sàn ju ẹ̀rọ tó ń purọ́ lọ, nítorí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ṣì ń bẹ̀rù, yóò ṣí fèrèsé.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Wọ́n fi hàn pé èdè wa kò kéré fún iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ki ọ̀pá ẹ̀rọ yìí bọ ṣìmínì nílẹ̀ wa, Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú. Bí a kò bá lè fi Yorùbá sọ fún wọn ìdí tí nọ́ńbà tó mọ́lẹ̀ kedere fi lè jẹ́ irọ́, ẹ̀bi ta ni?

Ìmọ̀ràn mi kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ má gba irú ẹ̀rọ yìí mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀bùn, àfi bí owó ìtọ́jú ọdún márùn-ún bá bá a wá. Èkejì, níwọ̀n ìgbà tí gáàsì inú sílíńdà ń parí lọ́jọ́ rẹ̀, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí ara wọn dá owó jọ ra ọ̀kan, kí wọ́n jọ lò ó kó tó gbó. Ohun tó lè wọ ẹnì kan lọ́rùn kò ní wọ mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, kí ìwé kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa kọ ọjọ́ tí a fi í wé òṣùwọ̀n sí, àti ohun tí a bá níbẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n gbé ìwé náà lé lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ni yóò jẹ́ fún wa.

Ọdẹ tó ra ajá tí kò bọ́ ọ, kó má dá ajá lẹ́bi lọ́jọ́ tí ẹranko bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Imú la ra. Ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ, tàbí ká dá a padà fún ẹni tó lè bọ́ ọ.