Ìbọn Kì Í Dá Yìn

Ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé nígbà tó bá ń jẹ́rìí níwájú ìjọ. "Iṣẹ́ èṣù ni." "Ọ̀rẹ́ burúkú ló kó bá mi." "Wàhálà ṣẹlẹ̀, ìbọn yìn, ẹ̀mí sì bọ́." Àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò kọrin, wọn yóò ní ó ti di ẹ̀dá tuntun. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé: ta ló yìn ín? Ẹ̀mí ta ló bọ́?

Èmi kò gbà pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a máa fi kọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gba ti àwọn olùkọ́ tó ní kò yẹ kí ìtàn ẹlẹ́wọ̀n kankan wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo ń jà fún ni pé kí a ka ìtàn àwọn tó ṣẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀. Kí a kà á gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀, kí a sì fi ojú gírámà yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni, gírámà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀. "Mo pa ọkùnrin kan": olùwà wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀, a mọ ẹni tó ṣe é, a mọ ẹni tí wọ́n ṣe é sí. "Ẹ̀mí bọ́": apànìyàn ti sá jáde kúrò nínú gbólóhùn, ó sì wọ́ òkú dání lọ. Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ibi ìsápamọ́ pọ̀ nínú rẹ̀: ọwọ́ ṣì, ẹsẹ̀ yọ̀, orí ló fà á, àyànmọ́ ni. Ti èṣù ló wá wọ́pọ̀ jù. Láti ìgbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, àwọn tí Àjàyí Crowther ṣíwájú, ti fi orúkọ òrìṣà yìí pe Sàtánì ló ti ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n ti kà sí i lẹ́sẹ̀, kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó lè gbà á.

Kì í ṣe pé a kò ní ìwé ẹ̀wọ̀n. Wọ́n sọ Wọlé Ṣóyínká sí àhámọ́ ní 1967, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1969, The Man Died sì jáde ní 1972. Wọ́n rán Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963, ó jáde ní 1966. Inú ẹ̀wọ̀n náà ló ti kọ ìwé lórí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà. Ìwé ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ẹni tí agbára ìjọba tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ìka wọn sì ń tọ́ka síta, bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tí mo ń wá ni ìwé tí ìka rẹ̀ tọ́ka sí ẹni tó kọ ọ́.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ní 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó: obìnrin tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tó ń ròyìn ohun tó fi ayé ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà "èmi" wà nínú àkọlé rẹ̀ gan-an. Nígbà tó yá, ìtàn ọ̀daràn bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nínú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, Lápàdé tó ń lépa ọ̀daràn ni a ń tẹ̀lé. Mo fẹ́ràn Lápàdé púpọ̀. Àmọ́ ìwé bẹ́ẹ̀ kì í bá ọ̀daràn dé inú iyàrá ẹ̀wọ̀n láti mọ ohun tó ń rò ní ọdún keje.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ méjì wá láti Amẹ́ríkà. Malcolm X, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Malcolm Little nígbà náà, fọ́ ilé onílé ní Boston. Aago tó jí, tó gbé lọ fún àtúnṣe, ló tú u fó. Ní 1946 wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti jókòó da ìwé atúmọ̀-èdè kọ láti ojú ìwé kìíní, títí tí ó fi lè ka ohun tó bá fẹ́. Ó jáde ní 1952. Ní 1964 ó dé Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì fún un ní orúkọ Ọmọ́wálé. Ó mú orúkọ náà wọ inú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tó jáde ní 1965 lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Ohun tó wù mí jù nínú ìwé náà ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: pé olè ni òun, àti pé àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n bá a jalè ló mú kí ìjìyà òun wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan kò pa èkejì. Ọmọ tó bá lè gbé méjèèjì sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà ti kọ́ èrò àgbà.

Ìwé yìí kan náà wà lára ohun tí Shaka Senghor kà nínú ẹ̀wọ̀n. Ọmọ Detroit ni. Wọ́n yìnbọn lù ú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Ní 1991, tí kò tíì pé ọmọ 20, òun náà yìnbọn pa ọkùnrin kan. Ọdún 19 ló lò ní ẹ̀wọ̀n, méje nínú rẹ̀ ní àhámọ́ àdágbé, kò sì yí padà kíákíá. Ó ń jà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ń ṣe àwọn mìíràn léṣe. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀, tó ti mọ̀ pé bàbá òun pànìyàn, wà lára ohun tó gbá a lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé nípa ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú Writing My Wrongs, ó ròyìn ọta ìbọn tó wọ ara tirẹ̀. Kò sì fi ṣe àwáwí fún èyí tó yìn. Ìdí ọ̀ràn yàtọ̀ sí àwáwí, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti fi ìyàtọ̀ náà han akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹnìkan yóò ní: ṣé ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó máa wo apànìyàn bó ṣe ń gba àtẹ́wọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì fẹ́ fò ó. Kò sí òǹkọ̀wé kankan tó lè sọ pé ó di dandan kí wọ́n dárí ji òun. Ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni ìdáríjì wà, ó sì lè kọ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n "ẹ̀mí bọ́" ló ń tún òkú pa, nítorí kò jẹ́ kí a gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́ rárá. Òfin tó yí orúkọ Iléeṣẹ́ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà padà ní 2019, tó sì sọ ọ́ di ti àtúnṣe ìwà, fi àyè sílẹ̀ fún ìpàdé láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀, kódà lẹ́yìn ìdájọ́. Ta ló fẹ́ jókòó síwájú opó láti sọ fún un pé èṣù ni?

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin tó ń lọ gba ìtàn kiri ọgbà ẹ̀wọ̀n: ó ju ìdajì lọ dáadáa nínú àwọn tó wà ní ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni, àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe béèrè ẹkún ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ irú wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n nípa ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé kóòtù kẹ́yìn.

Ní ti àwọn tó ti jẹ̀bi, tí wọ́n sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ìwé àti kálàmù kò ṣàìsí lọ́dọ̀ wọn. Yunifásítì NOUN ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, a sì rí ẹlẹ́wọ̀n tó ń jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá girama. Kí olóòtú tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní èdè Yorùbá, kó má sì fi omijé bu iyọ̀ sí i. Kí olùkọ́ tó ń wá àyọkà fún kíláàsì Girama Àgbà kejì ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó yan ojú ìwé kan, nítorí apá tí Malcolm ti ń ròyìn ìgbádùn àwọn ọmọ ìta ní Harlem dùn ju apá ìwé atúmọ̀-èdè lọ, ibẹ̀ sì ni ojú ọmọ yóò kọ́kọ́ lọ.