Yunifásítì Kì Í Ṣe Ibi Àhásórí

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí fojú rí nínú ilé lásìkò náà kọjá ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ọmọ tó ti lo ọdún méjì ní yunifásítì jókòó sílé, ìwé wà nínú àpò rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí pé olùkọ́ kò sí nítòsí.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ ti ń pe ọ̀rọ̀, tí ọmọ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé yunifásítì, nǹkan kò yí padà. Olùkọ́ a ka àkọsílẹ̀ fún igba akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngán kan, a sì tún tà á fún wọn gẹ́gẹ́ bíi handout. Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí, a dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Owó kòkó àti gàrí ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Telà tó wà ní ìsọ̀ mọ iṣẹ́ kíkọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkísà ló kọ́kọ́ ń fún ọmọ iṣẹ́ gé. Bó bá rán an wọ́, ọ̀gá a ní kó tú u, kó tún un rán. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀gá ń yọwọ́, títí ọmọ iṣẹ́ yóò fi lè gé aṣọ oníbàárà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó kàn lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìkàwé, tí kò fi bí wọ́n ṣe ń wá ìwé hàn án, kò yọwọ́ o. Ó sá lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní lílo ilé-ìkàwé. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì gidi nínú rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìwé kan lórí pẹpẹ. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC gbé jáde ní ìparí ọdún 2022, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fúnra rẹ̀ yàn. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Kí olùkọ́ gbé ìbéèrè kalẹ̀ kó tó kọ́ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìdáhùn wá, kó sì sọ ibi tó ti rí i.

Ìdánwò gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ ohun tó wà nínú handout nìkan ni ìdánwò ń béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n kò ní ka nǹkan mìíràn. Ìjọba náà gbọ́dọ̀ gba olùkọ́ kún olùkọ́, nítorí pé ẹni tó ń máàkì ìwé ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ráyè bá ẹnikẹ́ni wo àṣìṣe rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá sì wálé fún ìsinmi, kí òbí bi í léèrè ìwé tó kà tí olùkọ́ kò ní kó kà.