Agere Kì í Ṣe Àwo: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, Búkà àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọn yóò sì kọ́ ohun tí sáà kan nínú kíláàsì kò lè kọ́ wọn, èsì mi kò ní pẹ́: Erékùṣù Èkó ni. Kí wọ́n lo òwúrọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n sì jẹun ọ̀sán ní búkà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó ti fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ìgbafẹ́ ni mo ń pè ní ẹ̀kọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni pé àwọn ni wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà mú, àti pé àṣìmú yìí ń pa èdè wa lára.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí n kò ní dárúkọ. Gbogbo wọn ni ó ti yege nínú ìdánwò fonọ́lọ́jì àti síńtáàsì Yorùbá. A dúró níwájú ohun kan tí a fi igi gbẹ́: obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ olómorí ka orí. Àkọlé ara rẹ̀ sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwo onígi tí ó ní ère lára ni. Mo ní kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ní, ‘Àwo onígi, sà.’ Òmíràn ní, ‘Ère ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n.’ Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń nu gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ó yíjú sí wa, tí ó ní, ‘Agere ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ikin Ifá ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.’ Ó sì ń nu gíláàsì rẹ̀ lọ. Ìyá yìí kò sí lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti ṣàlàyé fún àlejò.

Ẹ kíyè sí i pé àkọlé náà kò purọ́. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, abọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe agere ní àwo ti gba ikin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gba babaláwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gba ìdí tí obìnrin náà fi kúnlẹ̀ pàápàá. Ohun tí ó kù kò ju igi lọ.

Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kọ́ ni ó sì ń sọnù. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó dùn mí jù sí. Nínú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì ni a ‘ṣe’: a ṣe ère, a ṣe ìkòkò, a ṣe ọkọ́, a ṣe aṣọ. Yorùbá kì í sọ bẹ́ẹ̀. A ń gbẹ́ ère ni, a ń mọ ìkòkò, a ń rọ ọkọ́, a ń hun aṣọ, a sì ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà fi ara pamọ́ sí. Ẹni tí ń gbẹ́ ń yọ nǹkan kúrò lára igi; ẹni tí ń mọ ń fi amọ̀ kún amọ̀; ẹni tí ń rọ ń fi iná àti òòlù sọ irin di ohun mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ pé wọ́n ‘ṣe’ ère kò ṣẹ̀ sí òfin gírámà kankan, ìdí nìyẹn tí àwa olùkọ́ kì í fi í fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kò sì mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá jẹ́ kí a wọ búkà. Olóúnjẹ kì í ‘ṣe’ àmàlà. Ó ń rò ó ni. Ó ń tẹ ẹ̀bà, ó ń gún iyán, ó ń dín àkàrà, ó ń sun iṣu, ó ń yan ẹja. Bí ó bá sì di kí ó gbé oúnjẹ fún yín, yóò bu ọbẹ̀, yóò gé ẹran, yóò sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí òun da gbẹ̀gìrì lu ewédú. Ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti sọnù ni obìnrin yìí ń lò láti àárọ̀ títí di alẹ́, láìsí ẹni tí ó san owó oṣù fún un láti tọ́jú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi, tí wọ́n bí sí Èkó, sọ fún mi nígbà kan pé ìyá òun ń ‘ṣe’ ẹ̀bà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ibi méjèèjì ni kí a jọ lọ, ní ọjọ́ kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbọ́ ‘rò’ àti ‘tẹ̀’ lẹ́nu olóúnjẹ, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun bèèrè nígbà tí ó bá padà dé iwájú ìkòkò inú gíláàsì. Ọ̀rọ̀ náà ‘búkà’ fúnra rẹ̀ tó ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ èdè Haúsá yóò dá a mọ̀: bukka ni lédè tiwọn, ahéré ni ó túmọ̀ sí. A yá a, a sì sọ ọ́ di ilé oúnjẹ. Ẹ̀wà àgànyìn tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ó ti ìhà Tógò àti Gánà wá sí Èkó. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín èyí àti orí-ọ̀rọ̀ ‘ọ̀rọ̀ àyálò’ tí a ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé?

Àwọn kan yóò sọ pé èdè tí ó wà ní Nàìjíríà ju 500 lọ. Èwo ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò kọ, èwo ni yóò fi sílẹ̀? Àwáwí ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí a kọ èdè 500 sára ògiri kan. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́ orúkọ tí àwọn tí ó ni ín sọ ọ́: kí ti Ìbíní jẹ́ orúkọ Ẹdó, kí ti Igbo-Ukwu jẹ́ orúkọ Ìgbò, kí Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àlàyé. Pé èyí ṣeé ṣe kò tún sí nínú iyèméjì mọ́. Ní Oníkan, níbi tí Dókítà John Randle kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní ọdún 1928, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti dúró síbẹ̀ báyìí. Ààrẹ Buhari ni ó ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Yorùbá wà nínú àlàyé tí a kọ síbẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ògiri rẹ̀ kò wó nítorí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe yára jó. Yorùbá tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i burú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá kọ ‘oko’ lásán sí abẹ́ nǹkan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ́ àgbẹ̀ ni, tàbí ọ̀kọ̀ jagunjagun, tàbí ọkọ̀ tí a fi ń rìn lórí omi? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó lè wà nínú yàrá kan náà. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó yẹ kí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí a máa kan ilẹ̀kùn àwọn ilé wọ̀nyí, dípò kí a jókòó máa kọ bébà tí ogún ènìyàn yóò kà.

Ní ti àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé ọmọ wọn yóò lọ wo òrìṣà, èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wíwo agere kò tíì sọ mí di babaláwo, gẹ́gẹ́ bí wíwo Bíbélì inú gíláàsì kò ṣe lè sọ babaláwo di pásítọ̀.

Ètò rẹ̀ kò le. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn kò sì nílò láti bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ jà. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ fi lọ sí Oníkan. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Àpapọ̀ tí a ṣí ní ọdún 1957, lẹ́yìn làálàá Kenneth Murray, wà níbẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ lásán sì ni láti ibẹ̀ dé ilé John Randle. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pẹ́ níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́, kí wọ́n sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lọ sí Freedom Park ní Broad Street, ọgbà tí ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba òyìnbó kí a tó ṣí i fún ìgbafẹ́ ní ọdún 2010. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé oúnjẹ sí ọjọ́ Àìkú: ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pópó Àgùdà ni kí ẹ fi ọjọ́ Àìkú rìn, nítorí pé títì máa ń dákẹ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń pàdé jù. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé ni wọ́n kó frejon wá, ẹ̀wà tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè fún ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọ̀rọ̀ èdè Potogí fún ẹ̀wà ni orúkọ náà. Àkàrà tiwa sì ti rékọjá òkun lọ di acarajé ní Bahia. Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsíìlì forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà wọ̀nyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ìwé oúnjẹ ilé ìjẹun ńláńlá ni mo ti rí àkàrà tí wọ́n pè ní kéèkì ẹ̀wà lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé kan wà ní Tinubu Square tí ì bá jẹ́ kókó ẹ̀rí mi. Ilojo Bar ni. Àwọn Fernandez ni wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1855, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni. Ní ọdún 1956 a kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ariwo ta, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo ti gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà kò kọ ìpínrọ̀ kan nípa rẹ̀ ní Yorùbá kí ó tó wó, n kò sì kó akẹ́kọ̀ọ́ kankan débẹ̀ rí. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi nìkan ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe Yorùbá ni ẹ kọ́ lè kà èyí, nítorí ìwé yìí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan, ẹ ní ìlú tiyín. Gidan Makama wà ní Kánò. Ààfin Honmè wà ní Àjàṣẹ́. Ní Dakar, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọ̀làjú àwọn adúláwọ̀ ti ṣí láti oṣù Kejìlá ọdún 2018, ceebu jën tí UNESCO sì kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2021 kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi aláṣè yín ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń lò, kí ẹ sì lọ wò ó bóyá ó wà lára àkọlé.

Ní tèmi, mo ti kọ ìbéèrè kan fún ìdánwò àṣekágbá: ‘Dárúkọ ohun mẹ́wàá tí o rí ní Oníkan àti ní búkà, kí o sì kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá bí a ṣe ń pèsè ọ̀kọ̀ọ̀kan mu.’ Wọ́n ti dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́. N ó tún fi í ránṣẹ́ ní sáà tí ń bọ̀, n ó sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀.