Nípa Ìrẹsì Àsèpọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwọn ẹni pàtàkì kò kà sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tí àwa kà sí: èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tí ó ń ṣẹ́kù nínú ilé ìdáná wa. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun níhìn-ín, àti ní Ìlobùú àti Ifọ́n tí ó múlé tì wá, lẹ́yìn ọjọ́ ọjà a máa ń rí ààbọ̀ àlùbọ́sà, tòmátì méjì tí ó ti ń rọ̀, ẹ̀kúnwọ́ ṣọkọ kan àti ìkàn mẹ́ta nínú agbọ̀n. Nítorí pé kò sí èyí tí ó tó ọbẹ̀ nínú wọn, ààtàn ni a ń dà wọ́n sí.

Àwa wí pé wọ́n tó oúnjẹ, bí a bá kó wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan pẹ̀lú ìrẹsì. Kí a gbé epo pupa kaná, kí a fi àlùbọ́sà, irú àti ata gígún sí i. Lẹ́yìn náà kí a da omi sí i, àti ìrẹsì tí a ti ṣà tí a sì ti fọ̀, àti ẹ̀fọ́ líle bí ìkàn. Ìgbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ni kí a tó já ewé sí i. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tàbí ti Ìgbẹ́mọ dára fún un, nítorí òórùn rẹ̀ bá irú mu.

Àwọn kan yóò wí pé oúnjẹ àpọ́n ni èyí, pé ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ìrẹsì lọ́tọ̀, ni ó yẹ ènìyàn ńlá. Àwa bi wọ́n léèrè: ìkòkò mélòó ni a fi ń se àsáró, olóyè wo ni ó sì kọ̀ ọ́ rí? Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, nígbà ìjọba àwọn Faransé, ìrẹsì wẹ́wẹ́ tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu ẹ̀rọ ni wọ́n ń kó wá láti Éṣíà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ẹja àti ẹ̀fọ́ sè é pọ̀, wọ́n sì pè é ní ceebu jën. Ní ọdún 2021, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àṣà gbogbo ayé. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó di ògo ìlú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti adùn ẹnu nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì lórí oúnjẹ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ pé oúnjẹ tí ó ṣòfò káàkiri ayé ní ọdún 2022 ju bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ọgọ́ta ni ó ti inú ilé wá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́. Ẹ̀fọ́ tí a kò tíì sè ni a ń sọ, kì í ṣe ìrẹsì àná. Ìrẹsì tí ó sùn sínú ìkòkò lórí àdògán máa ń ní kòkòrò àìfojúrí, tí oró rẹ̀ kì í kú bí a tilẹ̀ tún un gbé kaná. Ẹ̀fọ́ tí ó bá sì ti rà, ti ààtàn ni.

Ìlú onílù ni ìlú wa. Ó yé wa pé ohùn ìyáàlù bàtá yàtọ̀ sí ti omele, síbẹ̀ ijó kan ṣoṣo ni wọ́n ń lù. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò yìí.

Nítorí náà, a bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi sísè rẹ̀ kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà. A sì bẹ ẹ̀yin olóyè kí ẹ jẹ ẹ́ ní gbangba, nítorí ohun tí àgbà bá jẹ, ọmọdé kò ní tijú rẹ̀. Olúwa wa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin tán, síbẹ̀ ó pàṣẹ kí a kó àjẹkù jọ, agbọ̀n méjìlá sì kún. Bí ẹni tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ kò bá fi nǹkan ṣòfò, ta ni àwa?